Chamia Méjì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ímeèlì Lassaad wọlé, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Èmi àti ìyá mi jókòó nílé ìdáná, à ń fọ́ èso álímọ́ńdì tí a fẹ́ fi ṣe ìpápánu ọdún. Mo ka ìlà àkọ́kọ́, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyá mi fi gbé òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ló dé? Ta ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Lassaad ni, Ommi. Ó ń bẹ̀bẹ̀."

Ojú ìyá mi yí padà. Ó gbé òkúta rẹ̀, ó fọ́ álímọ́ńdì mẹ́ta léraléra, kò tiẹ̀ wò ó bóyá èso inú wọn ti rún. "Jẹ́ kó bẹ̀. Jẹ́ kó bẹ̀ títí ahọ́n rẹ̀ á fi gbẹ. Má dá a lóhùn o, Saloua."

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ dá a lóhùn. Láti ọdún mẹ́fà ni mo ti ń retí ọjọ́ tí ọkùnrin yìí máa nílò nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo ti ro ohun tí màá sọ fún un nínú takisí, nílé ìwẹ̀, lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Mi ò lè jẹ́ kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe fún wa. Nawras ni orúkọ ètò tí àwa bí ọgọ́ta ènìyàn jọ ń kọ, láti Sfax dé Tunis dé Gabès. Òun ni ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró, tí gbogbo ètò yòókù ń jókòó lé lórí. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni lè gbà á, ẹnikẹ́ni lè tú inú rẹ̀ wò, ẹnikẹ́ni sì lè tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi Mongi ló kọ irinṣẹ́ kan sínú rẹ̀ tí à ń pè ní Mizan, ìyẹn òṣùwọ̀n. Bí ètò kan bá ń wọ́ tuurutu lórí ẹ̀rọ yín, ẹ ó gbé Mizan tì í, Mizan á sì máa yọjú wò ó ní ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: kí lò ń ṣe báyìí? Iṣẹ́ tó bá bá lọ́wọ́ rẹ̀, á sàmì kan sí i nínú àpótí iṣẹ́ náà. Bó bá parí, á ka àmì inú àpótí kọ̀ọ̀kan, á sì sọ ibi tí àkókò yín ń bá lọ. Ọdún mẹ́rin ni Mongi fi kọ ọ́, kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó gbà ni pé orúkọ rẹ̀ wà lókè ojú ìwé àkọ́kọ́: Mongi Trigui ló kọ èyí.

Àwa ará Nawras ní àṣà kan. Lẹ́yìn ìkórè olífì lọ́dọọdún, a máa ń pàdé ní Sfax, nínú ilé àtijọ́ kan tí ìdílé Bàbá Chedly, àgbà ẹgbẹ́ wa, ti máa ń fún òróró. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ba Nawras jẹ́ láàárín ọdún, débi pé ẹ̀rọ àwọn yòókù kọ̀ láti ṣí, á dé chamia níwájú gbogbo wa. Chamia ni ẹní roboto oníhò tí wọ́n fi koríko hun, tí wọ́n ń kó olífì lílọ̀ sí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Òróró ogún ọdún ló wà lára àwọn tó wà níbẹ̀, bí ara bá sì ti mú wọn gbóná, á máa kán sí ọ lọ́rùn. Ẹ̀rín la fi ń ṣe é. Òfin méjì péré ló wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti dìde pé òun ni, a kì í tú àkọsílẹ̀ wò mọ́. Èkejì sì ni pé ẹni tí kò tíì pé ọdún kan láàárín wa, bí chamia bá kan orí rẹ̀, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn àṣẹ láti fi ohunkóhun sínú Nawras, kò sì ní rí i gbà mọ́ láéláé.

Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ kan kí a tó pàdé, Nawras kọ̀, kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni. Inú Mizan ni àléébù náà wà. Mongi fi wákàtí kan lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kí ẹ̀rọ lè ṣí ná, ó ní òun á tún un ṣe dáadáa bí ìpàdé bá parí. Nígbà tí Bàbá Chedly bèèrè pé ta ni, kò sẹ́ni tó dìde. Lassaad, olórí àwọn irinṣẹ́, jókòó síwájú, ó tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Mongi wá dìde.

"Èmi ni, Bàbá Chedly."

Láàárọ̀ ni wọ́n dé e fún un, kò sì ṣí i títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́. Lassaad ò jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀rín lásán. Ó gba gbohùngbohùn, ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Ọkùnrin yìí kọ òṣùwọ̀n, kò mọ ìwọ̀n ara ẹ̀!" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín tí a máa ń rín. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó gba Mizan lọ́wọ́ Mongi pé ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó yí àlàfo àárín àwọn ìlà padà, ó sọ àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ díẹ̀ ní orúkọ mìíràn, ó ní òun ti tún gbogbo rẹ̀ kọ, ó sì pa orúkọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́. Lassaad Gharsallah ló kọ èyí.

Lọ́jọ́ chamia yẹn, bí a ṣe ń lọ sílé, èmi ni mò ń sunkún, Mongi ni ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó bá mi lórí mu, àbí kò bá mi mu?" Nígbà tó yá ó ní, "Saloua, látòní lọ, kà á tán kó o tó fọwọ́ sí i." Mo rò pé ó kàn ń kọ́ mi níṣẹ́ ni. Oṣù kẹrin mi nínú Nawras nìyẹn.

Mo fi Nawras sílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọn ò gba kọ́kọ́rọ́ mi. Ní ọdún kẹta sí ìgbà yẹn, àìsàn kíndìnrín pa Mongi. Wọ́n kọ ìlà méjì nípa ikú rẹ̀ sójú ewé Nawras, kò sí Mizan nínú méjèèjì. Láti ọjọ́ chamia yẹn ni mo ti kórìíra Lassaad, mi ò ní parọ́ fún yín. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ kó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, mo sì fẹ́ rí chamia lórí Lassaad.

Mo pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kejì.

"Saloua, àbúrò mi àtàtà! Ommi ńkọ́? Ara wọn le?"

"Ara wọn le, Ọ̀gá Lassaad. Kí lẹ fẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ò yí padà! Ata harissa ṣì wà lẹ́nu ẹ. Ó dáa, wò ó, Mizan ń parọ́. Tí wọ́n bá gbé e ti ètò tó ń ṣiṣẹ́ gidi, á ní kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀dà tuntun fẹ́ jáde lọ́sẹ̀ ìpàdé, a ò sì lè jẹ́ kó jáde báyìí. Gbogbo wa ti wò ó títí, ojú wa ti fẹ́ fọ́."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́? Orúkọ yín ni mo rí lókè níbẹ̀."

"Àléébù àtijọ́ ni. Mongi, kí Ọlọ́run ṣàánú ẹ̀, ó máa ń kánjú jù. Ṣebí o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó jẹ́wọ́."

Mo di etí tábìlì mú. "Màá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n níbi ìpàdé ni màá ti fi hàn. Ẹni tó bá bà á jẹ́, chamia."

"Ta ló máa wá dé e? Àbí ká lọ jí Mongi dìde?" Ó tún rẹ́rìn-ín. "Kò burú, àbúrò. Wá fi hàn."

Mo pa fóònù. Mo wọ yàrá Mongi lọ, mo tan kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Mo kọ ètò kékeré kan tó ní iṣẹ́ méjì péré. Iṣẹ́ kan, oníṣirò, ń ṣe ìsodipúpọ̀ láìsinmi, ìkejì, akọ̀wé, kàn ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀. Mo gbé Mizan tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ó dáhùn dáadáa: oníṣirò ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Mo jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínláàádọ́rin. Mizan ní oníṣirò ò ṣe nǹkan kan rárá, pé akọ̀wé tó ń yọjú yẹn ni òṣìṣẹ́ ńlá. Mo wo àpótí oníṣirò. Àmì 64 ló wà níbẹ̀, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 65,600; 400 ló wà nínú ti akọ̀wé.

Mo ti rí irú rẹ̀ rí. Bàbá wa ní Peugeot akẹ́rù kan tí nọ́ńbà tó ń ka ìrìn rẹ̀ ti kún, tó sì padà sí òdo. Bàbá wa fẹ́ tà á fún ará Mahrès kan, ó ní mọ́tò náà kò tíì rìn. Bí àpótí Mizan ṣe rí nìyẹn. Bí àmì inú rẹ̀ bá dé 65,535, èyí tó tẹ̀ lé e á dá a padà sí òdo, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ jù ni Mizan ń pè ní ọ̀lẹ. Láyé Mongi, ọgọ́rùn-ún ìgbà péré ni Mizan ń yọjú ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àpótí náà kì í tètè kún, kò sì sí ẹni tó rí i. Àwọn ẹ̀rọ tuntun ló tú àṣírí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀gbọ́n mi. Mongi kì í ṣe ẹni tó máa fún iṣẹ́ ní àpótí tó kéré. Mo bá tú àkọsílẹ̀.

Ìyípadà kankan kì í wọ Nawras láìní orúkọ méjì: ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ń lọ sẹ́yìn, ọdún kan, ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́fà. Mo rí i. Ẹnì kan ti sọ àpótí ńlá di kékeré, ó ní kó má bàa gba àyè nínú ẹ̀rọ. Ọjọ́ tó wọlé ni ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí Nawras kọ̀ láti ṣí. Nawras ṣì ń retí àpótí ńlá nígbà tó bá kékeré, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣí. Ẹni tó kọ ọ́: Lassaad Gharsallah.

Mo fò sókè. Mo pariwo débi pé ìyá mi sáré wọlé tòun ti ọwọ́ ìyẹ̀fun.

"Mo ti mú un, Ommi! Lassaad ni! Òun ló bà á jẹ́, ó sì jókòó, ó ń wo bàtà ẹ̀!"

Ìyá mi gbé igbe ayọ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń ké níbi ìgbéyàwó, ahọ́n rẹ̀ ń lu ẹnu. Ó ké e títí aládùúgbò fi bi í láti ojú fèrèsé pé ṣé Saloua ti rí ọkọ ni. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà kí n tún ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n gbádùn rẹ̀. Mo wá ka ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò: Saloua Trigui.

Ìyá mi ṣì ń ké.

Mo rántí rẹ̀ nígbà náà. Lassaad ló pè mí: "Àbúrò, bá mi fọwọ́ sí nǹkan kékeré yìí." Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí lọ́dún náà. Inú mi dùn pé olórí àwọn irinṣẹ́ mọ orúkọ mi. Mi ò ka ìlà kan nínú rẹ̀. Mo fọwọ́ sí i, mo sì lọ mu tíì.

Mongi ti rí orúkọ méjèèjì. Ó mọ̀ pé oṣù mẹ́rin péré ni mo ti wà níbẹ̀, pé bí wọ́n bá tú àkọsílẹ̀, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi títí láé. Ìdí nìyẹn tó fi dìde. Nítorí tèmi ló ṣe dé e, tí Lassaad sì fi rí ọ̀nà gba Mizan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bínú sí Lassaad, mo bínú sí ara mi, mo tiẹ̀ bínú sí Mongi tó ru ẹrù náà láìsọ fún mi. Mi ò lè sọ fún ìyá mi. Mo sọ fún un pé orí ń fọ́ mi, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Títún Mizan ṣe kò gbà ju ọjọ́ méjì lọ. Mo dá àpótí padà sí ńlá, mo tún gbogbo ibi tí Mongi ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ṣe, mo sì fi í ránṣẹ́ nígbà tí ìpàdé ku ọjọ́ kan.

Láàárọ̀ ìpàdé, àwọn ènìyàn dúró sí àgbàlá, wọ́n ń jẹ fricassé, búrẹ́dì díndín wa, wọ́n ń mu tíì. Lassaad fà mí lọ sẹ́yìn ọlọ ńlá tí wọ́n fi ń lọ olífì látijọ́. Ó ti sanra, irun rẹ̀ ti ń funfun.

"Mo rí àtúnṣe tó o fi ránṣẹ́. Mo wá lọ wo àkọsílẹ̀," ló wí. "Mo rí orúkọ mi. Mo rí tìẹ náà."

Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́.

"Àwa méjèèjì la wà nínú ẹ̀, àbúrò. Gbọ́ mi. Tún Mizan ṣe níwájú wọn, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹ. Má tú nǹkan kan. Màá dá orúkọ Mongi padà. Màá kọ ọ́ sábẹ́ tèmi."

"Sábẹ́ tiyín."

"Kí ló tún kù?" Ó bu fricassé rẹ̀ jẹ, òróró ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀. "Tó o bá kọ̀, wàá pàdánù kọ́kọ́rọ́ ẹ. Ìyẹn ò tiẹ̀ ṣe nǹkan. Ommi ńkọ́? Ṣé o fẹ́ kí màmá arúgbó yẹn gbọ́ pé ìwọ lo dé chamia mọ́ Mongi lórí?"

Ẹ̀rù bà mí, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Mo rí ojú ìyá mi níbi tó ti ń ké igbe ayọ̀. Fún ìṣẹ́jú kan, mo fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n "sábẹ́ tèmi" yẹn ò kúrò létí mi. Ẹni tó jí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló tún fẹ́ fi orúkọ Mongi ṣe ìrọ̀rí. Mo lọ sí ibi ògiri tí wọ́n to àwọn chamia sí, mo mú méjì, mo sì wọlé.

Mo gbé Mizan àtijọ́ ti ètò mi, ó sì hàn lójú aṣọ funfun. Gbogbo ilé ń ka ìṣẹ́jú àáyá títí dé mẹ́rìndínláàádọ́rin. Wọ́n rí i bó ṣe pe òṣìṣẹ́ ní ọ̀lẹ. Mo gbé Mizan tuntun tì í, wọ́n tún kà, ó sì sọ òótọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Chedly, tó ti pé ọgọ́rin ọdún, fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

"Ta ló sọ àpótí di kékeré?"

Lassaad ló kọ́kọ́ dìde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Olóògbé Mongi ti jẹ́wọ́ ẹ̀. Òfin wa sì ni pé a kì í tú àkọsílẹ̀ ẹni tó ti jẹ́wọ́."

Àwọn kan ń mi orí pé òótọ́ ni. Mo gbé chamia kan, mo dé e. Òróró tutù bẹ̀rẹ̀ sí í rin irun mi.

"Mi ò ní tú àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni, Bàbá Chedly," ni mo wí. "Èmi náà fẹ́ jẹ́wọ́. Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo fọwọ́ sí i láìkà á. Àkọsílẹ̀ tèmi ni, òfin ò sì sọ pé kí n má ka tèmi sókè."

Mo ṣí i sójú aṣọ funfun. Orúkọ méjèèjì yọ, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mo kà á ketekete, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Mo wá na chamia kejì sí Lassaad.

"Lassaad, wá. Tìẹ rèé."

Mi ò pè é ní ọ̀gá mọ́, gbogbo ilé sì gbọ́ ọ.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀..." ló bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló ní kó o ṣàlàyé?" Bàbá Chedly ò tiẹ̀ gbé ohùn sókè. "Mongi dé e láti àárọ̀ títí àṣálẹ́, o jókòó níwájú mi níbí, o ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹ̀. Dé e."

Ó dé e. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọgọ́ta ènìyàn wò ó, òróró ń sọ̀ kalẹ̀ sí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fún un ní ẹ̀rín kan ṣoṣo tí ì bá fi rọrùn fún un. Bàbá Chedly ní kí n dá orúkọ padà lójú gbogbo wọn, kí n tó dá kọ́kọ́rọ́ mi padà. Mo pa orúkọ Lassaad rẹ́, lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan, mi ò kánjú. Mo wá tẹ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi síbẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀san kì í dùn kò tíì gbà á rí.

Lassaad ṣí tirẹ̀ ní ọ̀sán, ó wọ rélùwéè padà sí Tunis. Wọ́n ní kí n ṣí tèmi. Mo ní ó di ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun àṣálẹ́. Lẹ́yìn ìrun náà mi ò tún ṣí i, mo fi ẹsẹ̀ rìn délé.

Ìyá mi ló ṣí ilẹ̀kùn. Ó wo orí mi, ó wo ọrùn mi. Mi ò jẹ́ kó bèèrè. Mo dúró síta níbẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Lassaad, orúkọ méjì, tíì tí mo lọ mu.

Ìyá mi na ọwọ́, ó fi ìka kan nu òróró ọrùn mi, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Òórùn tí Mongi gbé wálé nìyí," ló wí. "Mo bi í lọ́jọ́ náà pé ta ló ṣe é fún un. Ó ní, 'Ommi, Saloua ò tíì jẹun láti àárọ̀, ẹ bá mi bù fún un ná.' Mo rò pé kò fẹ́ dá mi lóhùn ni, àṣé ó ti dá mi lóhùn."

Ó ṣí chamia náà kúrò lórí mi, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó lọ sídìí ààrò, ó sì bù fún mi.